"Don't put yourself out": ìdáhùn sí arábìnrin wa tó wà ní Leeds

Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ti lo ọdún kan àbọ̀ níbí. Mi ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kankan rí ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú máa ń dà mí lórí rú. Bàbá kan ní kí n má ṣe 'put yourself out'. Ọ̀rọ̀ 'out' yẹn nìkan ni mo gbọ́, mo rò pé ó ní kí n bọ́ síta, ni mo bá jáde, ó sì ń pè mí títí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá kan sọ fún mi pé àwọn ti 'put the dog down'. Mo bi í pé ṣé ajá náà wúwo ni. Ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣàlàyé fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú tì mí débi pé mi ò lè sùn. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí i pé ìtumọ̀ 'put' nìkan ò ṣeé kà tán. Báwo lèèyàn ṣe lè há gbogbo rẹ̀ sórí?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa gírámà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mójú tó ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ẹ padà lọ bá a, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní: "I'm so sorry about your dog. I didn't understand you the other day." Gbólóhùn méjì yẹn tó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ajá yẹn nìkan ló ń bá a gbélé láti ọdún gbọọrọ, ẹni tó bá sì bá a kẹ́dùn rẹ̀, kò ní gbàgbé onítọ̀hún.

Nílùú tí ẹ wà yẹn, tí ajá tàbí ológbò bá ti darúgbó, tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, olówó rẹ̀ á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Òun ni wọ́n ń pè ní "put down". Ó ṣòro kéèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "a pa ajá wa". Àwa náà kì í sọ pé ọba kú, a máa ń ní ọba wàjà ni. Ẹ wo àjèjì tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé, tí ẹ wá sọ fún un pé ọba wàjà, tó ń wòkè, tó ń béèrè ohun tí ọba ń wá lórí àjà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ "wọ", ó mọ "àjà", ohun tí méjèèjì dà nígbà tí wọ́n so pọ̀ ni kò mọ̀. Bí ẹ ṣe mọ "put" tí ẹ sì mọ "down" náà nìyẹn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù.

Ìbéèrè yín wá kù. Ẹ má há a sórí. Irú ọ̀rọ̀ yìí kún inú Yorùbá fọ́fọ́, ẹ sì ń lò ó láti kékeré láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù fún yín. Ẹ mú "dá". Ó dá mi lóhùn. Ó dá owó mi padà. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ dá a lẹ́bi. Orin náà dá mi lárayá. Ó dá mi lójú. Ọlọ́run dá wa sí. Tí ọmọ tí wọ́n bí sí Leeds bá wá bi yín pé, "Mọ́mì, kí ni ìtumọ̀ dá?", kí lẹ máa sọ? Ẹ ó dákẹ́ ná. Ẹ ó ní kó sọ gbólóhùn tó ti gbọ́ ọ, nítorí ohun tó tẹ̀ lé "dá" ló ń gbé ìtumọ̀ wá: lóhùn, padà, dúró, lẹ́bi, sí. Bẹ́ẹ̀ ni "put" rí. Tó bá dá wà, kò ju ká fi nǹkan síbì kan lọ. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má dúró lórí rẹ̀ rárá, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀: off, on, out, up, down, back. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìbátan wọn tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ Yorùbá yín ní sẹ́kọ́ńdírì á ti kọ́ yín ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà: tànjẹ, bàjẹ́, gbàgbọ́, rẹ́jẹ. A kì í sọ pé "ó tànjẹ mi". Ńṣe là ń la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, tí a ó fi ẹni tí wọ́n tàn sáàárín: ó tàn mí jẹ. Ó ba aṣọ náà jẹ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: put the light out, put your coat on, put the meeting off. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà kàn, wá sẹ́yìn pẹ̀lú, pàápàá tó bá gùn, nítorí náà "put off the meeting" dára. Ṣùgbọ́n tí àbọ̀ náà bá jẹ́ it, him, her tàbí them, àárín ni dandan. "Put it off" ni, "put off it" kò sí. Mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, kò sí àṣìṣe tí mo ti fi bírò pupa fà lábẹ́ tó èyí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe "tàn mí jẹ". Ó máa ń yé wọn lójú ẹsẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi rò pé àjèjì pátápátá ni ohun tí wọ́n ń kọ́.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ là ni "put up with", ìyẹn ká fara da nǹkan. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá tirẹ̀ náà ṣe rí: mo fara da ìyà náà, mo fara dà á. Ẹ̀yìn ni àbọ̀ wà. Gẹ̀ẹ́sì náà fi í sẹ́yìn: I put up with it.

Àwọn onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ tipẹ́ pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń so mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré báyìí le fún àjèjì. Samuel Johnson, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní London lọ́dún 1755, sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé ibi tí ìṣòro tó ga jù ti ń bá àjèjì nìyí. Orúkọ tí a ń pè é, "phrasal verb", kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1925 ni òǹkọ̀wé kan, Logan Pearsall Smith, lò ó nínú ìwé, ó sì sọ pé Henry Bradley, tó jẹ́ olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ló dábàá rẹ̀ fún òun.

Kí ló wá fà á tí ẹ fi yege nínú ìdánwò, tí ọ̀rọ̀ arúgbó kò sì yé yín? Lẹ́yìn tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, èdè Faransé àti Látìn gba ààfin, ilé ẹjọ́ àti inú ìwé. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kú, ó wà lẹ́nu àwọn èèyàn nílé ìdáná àti lóko. Bó ṣe di pé ohun kan ní orúkọ méjì nìyẹn. "Postpone" wá láti inú Látìn: post ni "lẹ́yìn", ponere ni "fi sí". "Put off" náà ló kàn wọ agbádá Látìn. "Tolerate" ni ti ìwé, "put up with" ni ti ẹnu. "Extinguish" ni wọ́n kọ sára agolo apaná, "put out" ni wọ́n ń sọ nílé. Ọ̀nà ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ìjọba sì ni Gẹ̀ẹ́sì gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa, nítorí náà ọ̀rọ̀ alágbádá la kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ ilé ìwé Ìbàdàn mọ "postpone" kó tó mọ "put off". Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ní Leeds, "put off" ló ti ń sọ láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Lẹ́tà ọsibítù á ní "your appointment has been postponed", òun á ká lẹ́tà náà, á ní, "They've put me off again."

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kí n dúró pẹ́ níbi tó lè kó yín sí wàhálà.

"Back" ni mo bẹ̀rù jù fún yín, nítorí àkókò ìpàdé dókítà àti àkókò oògùn wà lọ́wọ́ yín. Yorùbá ń sún ìpàdé síwájú tó bá fẹ́ kó pẹ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ń gbé e sẹ́yìn: "It's been put back to Friday" túmọ̀ sí pé ó di ọjọ́ Jimọ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní "It's been brought forward", ẹ má fi etí "sún síwájú" gbọ́ ọ o, wọ́n ti mú un yá ni. Ẹ wo bó ṣe yí padà pátápátá! Aago ọwọ́ tún wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń "put the clocks back", aago méjì òru á padà di aago kan. Ti aago, ó padà sẹ́yìn. Ti ìpàdé, ó pẹ́ sí i. Níbi ìpàdé, ẹ má tijú láti béèrè pé, "So which day is it now?" Ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹni tó sọ ọ́.

"Off" jẹ mọ́ kí nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ẹni. A ti rí èyí tó jẹ́ sísún ọjọ́. Ìkejì ni ohun tó ń mú kí nǹkan sú ni: "The smell put me off my dinner", òórùn yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wù mí jẹ. Ẹ máa gbọ́ ọ dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ bá gbọ́, nítorí arúgbó tí oúnjẹ ń sú, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un níbí. Ní ilé wa a máa ń ní "off the light", "on the gen". A ti sọ off àti on di ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì yé gbogbo wa. Mi ò ní bú u, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, ó ní ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Leeds, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe síwájú rẹ̀: turn it off, switch it off. Àwọn àgbàlagbà á sì máa ní "put the light out, will you?" Òun ni "pa iná" tiwa gan-an, ìbáà jẹ́ gílóòbù, ìbáà jẹ́ àbẹ́là, ìbáà jẹ́ ilé tó ń jó.

Ìyẹn gbé wa dé "out". Síta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: "put the bins out" ni kí ẹ gbé ike ìdọ̀tí sí etí títì kí ọkọ̀ tó wá kó o. "I've put my back out" ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ẹ̀yìn onítọ̀hún ti yẹ̀ nìyẹn, ó ń dùn ún, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan. Tó bá jẹ́ arúgbó ló sọ ọ́, ẹ má fà á dìde. Ẹ pe nọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá sì ní ẹnì kan "was a bit put out", ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò dùn mọ́ ọn nínú, bóyá wọ́n pe gbogbo ará ilé wá jẹun tí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pariwo inú bíbí wọn. "A bit put out" lè jẹ́ inú tó bàjẹ́ gan-an, torí náà ẹ wo ojú ẹni náà.

"On" rọrùn jù, nítorí orí nǹkan ló ń wà. Ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nìyí: a ń wọ aṣọ, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró, a ń fi òrùka sọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ pátá, "put on". Tí ẹ bá ń ran ìyá kan lọ́wọ́ láti múra láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí á gbé yín láti orí fìlà dé orí bàtà. Omi táa gbé kaná náà, "put the kettle on". Ẹni tó ń sanra, "he's put on weight". Ọ̀kan péré ló ń dunni nínú wọn: "She's only putting it on", ìyẹn pé ó kàn ń díbọ́n ni, kò sóhun tó ń ṣe é. Tí ẹnì kan bá sọ èyí nípa arúgbó tó ń kérora, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo arúgbó náà fúnra yín.

"Up" kò le. Wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ ògiri, put it up. Wọ́n ń fi owó lé ọjà, put the price up. Wọ́n ń gba àlejò sílé sùn, "my sister put me up for a week". Mo ti sọ ti "put up with". Ti "down" náà, yàtọ̀ sí ti ajá: ẹni tó bá ń "put people down" ń fi àbùkù kàn wọ́n lójú àwùjọ, ẹni tó bá sì ní kí ẹ "put your name down" fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ ni. Kíkó nǹkan pamọ́ ni "put away", títọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ ni "put by". "I'll put you through" lórí fóònù ni pé kí ẹ dúró kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n tí ìyá kan bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó ní "he put me through a lot", kò kan fóònù rárá. Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Etí yín ní ẹ̀bùn kan tí ẹ lè má ti kíyè sí. Ohùn la fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, nítorí náà etí Yorùbá ń gbọ́ ìgbésókè ohùn kíákíá. Nínú "put it off", "put it out", ohùn máa ń gbéra sókè lórí off àti out, it á fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Tí ẹ bá ń gbọ́ wọn lẹ́nu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti yọ, ibi tí ohùn ti gbéra yẹn ni kí ẹ dì mú, kódà tí ìyókù kò bá dún ketekete. Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré kan sápò aṣọ iṣẹ́. Gbólóhùn odidi ni kí ẹ máa kọ sí i, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, kì í ṣe "put off = sún síwájú". Mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó.

Ó wá ku bàbá yín. "Don't put yourself out, love" túmọ̀ sí: má da ara rẹ láàmú nítorí tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lọ́dọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òun ni bàbá wa máa ń sọ tó bá ní "má ṣèyọnu, ọmọ mi", nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tí kò fẹ́ di ẹrù sí wa lọ́rùn. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ "má ṣèyọnu" nílé wa tó jókòó. Bàbá Leeds fẹ́ tíì rẹ̀. Tó bá tún sọ ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kí ẹ ní: "It's no trouble at all. I'll put the kettle on."